Níbo nínú ọgbà ilé wa ni kí n kọ́ ilé adìyẹ sí?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá wa. Òṣogbo níbí ni à ń gbé, lọ́nà Òkè-Baálẹ̀. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́: wọ́n fẹ́ sin adìyẹ. Márùn-ún ni mo fẹ́ rà, abo ni gbogbo rẹ̀. A ò fẹ́ tà wọ́n, a ò sì fẹ́ pa wọ́n jẹ. Àwọn ọmọ tilẹ̀ ti fún wọn lórúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń yé ẹyin fún wa, a dúpẹ́. Ibi tí a máa kọ́ ilé wọn sí ni a ò tíì fẹnu kò lé lórí. Pùlọ́ọ̀tì kan ni ilẹ̀ wa, ó gùn gbọọrọ, ó sì rọra dagẹrẹ láti ẹnu géètì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Géètì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹ bá wọlé, kànga lẹ máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà igi máńgòrò ńlá kan, lẹ́yìn ìyẹn ebè ẹ̀fọ́ mi, kí ẹ tó dé ilé jẹnẹrétọ̀ àti ògiri ẹ̀yìn. Fèrèsé kíṣìnì kọjú sí ibi ebè. Ọkọ mi ní ká kó wọn sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, kí òórùn wọn má baà dé ọ̀dọ̀ àlejò. Ìyá ọkọ mi ní ká kọ́ ọ sáàárín kànga àti máńgòrò, kí omi lè sún mọ́ wọn. Èmi fẹ́ ẹ síbi ebè, ní gbangba, kí n lè máa rí wọn. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?"

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, Ẹdùmàrè á bá wa wò wọ́n. Inú mi dùn gan-an pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lẹ kọ́kọ́ mú wá kí ẹ tó ra adìyẹ kankan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra adìyẹ lọ́jà Ìgbọ̀nà láàárọ̀, tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n máa fi í sí nírọ̀lẹ́. Kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè lò fún ohunkóhun ni adìyẹ máa ń bọ́ sí. Ohun tí mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí kò gùn: ibi tí ẹ kò bá lè gbé àpótí sí, kí ẹ jókòó lé e ní aago mẹ́ta ọ̀sán fún wákàtí kan, ẹ má fi adìyẹ síbẹ̀.

Àyè tó wà láàárín máńgòrò àti ebè ẹ̀fọ́ yín ni mo fọwọ́ sí. Ìyá àgbà gbà á nípa ti igi, ẹ̀yin náà gbà á nípa ti fèrèsé. Ibi tí Bàbá Ìbejì mú ni kò ṣeé lò rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ ooru ni màá kọ́kọ́ mú, torí ó ń pa adìyẹ ilé nílùú wa láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe ni, a sì mọ ohun tó túmọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ní ti ẹyẹ fúnra rẹ̀, adìyẹ kì í làágùn. Kò sí ibi tí òógùn ń gbà jáde lára rẹ̀. Ara rẹ̀ sì gbóná ju tiwa lọ. Tiwa wà ní nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 41. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló máa là, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì gbé apá méjèèjì kúrò lára kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Bí ooru bá ti ń kọjá 30, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Láti oṣù kejì títí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sán tí kì í tó bẹ́ẹ̀ l'Óṣogbo. Agbébọ̀ kan máa ń mu tó ìdá mẹ́rin lítà omi lójúmọ́. Nígbà ooru ó lè di ìdajì lítà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ilé adìyẹ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi kàn, oṣù kẹjọ ni mo kàn án, mọ́ ara ògiri ilé wa lápá gúúsù. Mo ti dúró síbẹ̀ lọ́sàn-án, ibẹ̀ tutù, mo ní ó ti dára. N kò rò ó pé oṣù kẹjọ ni a wà, ojú ọ̀run ṣú, oòrùn sì tẹ̀ sí àríwá díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún kejì, oòrùn ti yà sí gúúsù, ó wá dojú kọ ògiri yẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn kó ara wọn sí igun kan, ẹnu wọn là, ọ̀nà ọ̀fun wọn ń gbọ̀n. Méjì ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ sí ìdí abọ́ omi. Mo ti ìka bọ omi yẹn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri, n kò lè gbé e síbẹ̀ pẹ́. Kò sí àìsàn kankan tó ṣe agbébọ̀ méjèèjì yẹn. Èmi ni mo fi wọ́n síbi tí kò yẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé níbo ni oòrùn máa wà nígbà tí oṣù bá yí. Òṣogbo wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, láti àárín oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹjọ, apá àríwá orí wa ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá díẹ̀. Ìyókù ọdún, apá gúúsù ló ń gbà, inú oṣù kejìlá ló sì ń jìnnà jù. Ẹ wá wò ó pé àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru le, ni ó wà lápá gúúsù yẹn. Bí ẹ bá ń kan òrùlé ilé adìyẹ yín, ẹ jẹ́ kí páànù apá gúúsù yọ síta ju ti àríwá lọ, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Ẹ padà síbi máńgòrò. Géètì yín wà ní ìwọ̀-oòrùn, ebè wà ní ìlà-oòrùn igi náà. Bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, òjìji igi á máa nà lọ síhà ebè. Láti nǹkan bí aago méjì lọ, nígbà tí ooru le jù, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn igi ló wà lábẹ́ ibòòji. Láàárọ̀ ẹ̀wẹ̀, oòrùn ìlà-oòrùn á kan ibẹ̀ láìsí ìdènà, bẹ́ẹ̀ ni adìyẹ sì ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ máa rí wọn ní aago mẹ́jọ: ọ̀kan á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á na apá kan àti ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn pọ̀, á di ojú, á wá dà bí ẹni tó ti kú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì pariwo, ara rẹ̀ ló ń yá. Oòrùn àárọ̀ yẹn náà ló máa gbẹ ìrì àti omi òjò alẹ́ kúrò nílẹ̀. Ibi ebè gan-an, níbi tí ẹ fẹ́, ti jìnnà jù sí igi. Òjìji kò ní í dé ibẹ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ fún àwọn ìbejì ní èèkàn. Kí wọ́n kan ọ̀kan mọ́lẹ̀ níbi tí etí òjìji máńgòrò dé ní aago kan, òmíràn ní aago méjì, òmíràn ní aago mẹ́rin. Láàárín èèkàn aago kan sí ti aago méjì ni kí ọgbà wọn wà; ti aago mẹ́rin á kàn fi ibi tí òjìji ń nà dé hàn yín ni. Kí ẹ rántí pé nígbà ọyẹ́, òjìji náà á yà sí àríwá díẹ̀ sí ibi tó dé lónìí bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n nígbà òjò, nítorí náà ẹ má ṣe gé àyè náà mọ́ra jù.

Kí ló dé tí n kò ní kí ẹ kọ́ ọ sábẹ́ igi gan-an? Ẹyẹ ń wọ̀ sórí máńgòrò yín, ìgbẹ́ wọn sì ń bọ́ sílẹ̀. Àrùn lúkúlúkú àti oríṣiríṣi kòkòrò máa ń bá ìgbẹ́ ẹyẹ wọlé. Àrùn flu àwọn ẹyẹ tó kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ọlọ́sìn, èyí tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nínú oṣù kejì ọdún 2006 ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ẹyẹ igbó wà lára ohun tó ń gbé e kiri. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀ka igi jẹ́ àtẹ̀gùn fún ológbò àti ejò. Omi á sì máa kán láti ara ewé fún wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn tí òjò ti dá. Tó bá tún di àkókò máńgòrò, èso tó ń jẹrà nílẹ̀ á kó eṣinṣin jọ. Ẹ sún síta kúrò lábẹ́ ẹ̀ka, kí òjìji nìkan máa bá wọn.

Ní ti kànga, ẹ bá mi fi sùúrù bá Ìyá àgbà sọ ọ́. Òótọ́ ni pé omi gbọ́dọ̀ yá adìyẹ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ yá kànga. Ilẹ̀ yín dagẹrẹ kúrò lẹ́nu géètì, kànga sì wà lókè. Bí ilé adìyẹ bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn máńgòrò, ọ̀gbàrá kò ní í gbé ìdọ̀tí lọ bá omi tí ẹ ń mu. Mo fẹ́ kí àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 50, tí í ṣe mítà 15. Bí kò bá tó, ẹ sún díẹ̀ sí i sísàlẹ̀. Kórobá kan láàárọ̀ tó adìyẹ márùn-ún, àwọn ọmọ á gbé e.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì wá kù. Òórùn ló ń sá fún, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ilé adìyẹ bá ń rùn, aládùúgbò á binú, wolé-wolé náà á sì kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ló ń jẹ́ kí adìyẹ rùn. Ìgbẹ́ adìyẹ tó gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Tí omi bá ti kàn án tí kò sì ráyè gbẹ ni afẹ́fẹ́ tó ń ta ni nímú tó sì ń ta ni lójú yẹn ń jáde. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ yín. Omi orí páànù, omi ìfọṣọ, ọ̀gbàrá láti ẹnu géètì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń sàn lọ. Ògiri dí i lẹ́yìn, ilé jẹnẹrétọ̀ dí i níwájú, atẹ́gùn kò ráyè kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti rùn jù. Ilẹ̀ tútù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fẹ́ràn. Adìyẹ á máa sorí kọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á dìde gàgà, ẹ óò sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń pọ̀ síbi omi dídúró ló sì ń gbé àrùn tó ń yọ èèpá sójú àti sí ogbe wọn kiri. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró adìyẹ ń fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà májèlé inú èéfín ń tètè wọ̀ ọ́ lára. Èéfín tó máa mú wa wúkọ́ lè pa á.

Kí ẹ tó dá ilé náà dúró síbikíbi, ẹ gbẹ́ kòtò kan, ẹsẹ̀ bàtà kan ní jíjìn, kan ní fífẹ̀. Ẹ rọ omi kún un. Tó bá ti fà, ẹ tún rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi kejì bá fà kí ọjọ́ náà tó ṣú, ilẹ̀ yẹn á gba adìyẹ. Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kejì tí ẹ ṣì bá omi níbẹ̀, amọ̀ ló wà nísàlẹ̀: ẹ kó yanrìn àti yangí lé e títí á fi ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ sì la ojú àgbàrá kékeré yí i ká. Ẹ má jẹ́ kí omi àgbàrá náà sàn gba orí ebè ẹ̀fọ́ kọjá. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó ewé, kò sì mọ́ fún ohun tí a máa jẹ. Ẹ darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì sí ìdí rẹ̀. Ìgbẹ́ tí ẹ bá gbá, ẹ kó o jọ fún oṣù mẹ́ta kó jẹrà dáadáa, ìgbà náà ló di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́.

Ilé gígùn níwọ̀nba ni kí ẹ kàn, kí ó sùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ fi pákó dí orí rẹ̀ méjèèjì pa. Èyí tó wà ní ìlà-oòrùn ni ìjì máa ń bá wá nígbà òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin, èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń bá wọlé. Ẹ fi wáyà sí ẹ̀gbẹ́ àríwá àti gúúsù kí atẹ́gùn lè fẹ́ já. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ ta àpò sí apá àríwá ní alẹ́ nìkan, kí ẹ ká a kúrò láàárọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀ tó adìyẹ márùn-ún. Ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ onígi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí abẹ́ rẹ̀ tún di ibòòji fún wọn. Ẹ ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo tí ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àlòkù sí, torí ìjàlọ. Mo ti rí ibi tí ìjàlọ ti wọ ilé òròmọdìyẹ lóru, ìyẹ́ nìkan ni ilẹ̀ mọ́ bá. Ẹ bo àwọn agolo náà kí àwọn adìyẹ má baà tọ́ ọ wò. Bí páànù lẹ bá fi bò ó, ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Ẹ ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án àkọ́kọ́.

Igi ìwọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ga ju ìtẹ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ìtẹ́ ni wọ́n á máa sùn, wọ́n á sì máa yàgbẹ́ sí ẹyin. Ìtẹ́ méjì ti tó wọn. Àkùkọ kò pọn dandan, wọ́n á yé láìsí i.

Ọgbà tí wọ́n á ti máa rìn ṣe pàtàkì ju ilé lọ lójú tèmi, torí ibẹ̀ ni wọ́n á wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń náwó sórí ilé, wọ́n á kun ún lọ́dà, kí wọ́n tó wá ṣẹ́ ọgbà kékeré tí adìyẹ kò lè sáré nínú rẹ̀ mọ́ ọn lára. Adìyẹ kan kò gbọdọ̀ ní àyè tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú òun òòró, ìyẹn bí ẹ bá fi gígùn ṣe ìlọ́po fífẹ̀, bíi 5 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀. Fún márùn-ún yín, ẹ jẹ́ kí ó gùn tó 20, kí ó fẹ̀ tó 8, kí ẹ lè dúró ṣánṣán nínú rẹ̀. Ẹ fi wáyà dá a sí méjì láàárín. Wọ́n á tan ilẹ̀ apá kan títí koríko á fi tán pátápátá. Tó bá di bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí wọn sí apá kejì fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, kí èyí àkọ́kọ́ sinmi. Ẹ fi páànù bo igun kan, kí ẹ gbé táyà àlòkù síbẹ̀, kí ẹ po eérú àti yanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n á ti máa fi erùpẹ̀ wẹ̀, kí iná ara wọn lè kú.

Wáyà adìyẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà máa ń dá adìyẹ dúró sínú, kì í dá ajá dúró síta. Fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ìsàlẹ̀, ẹ lo wáyà líle olójú wẹ́wẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì íńṣì lọ. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ́ sílẹ̀ síta ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ da erùpẹ̀ bò ó. Ibi tí wáyà ti pàdé ilẹ̀ ni ajá àti òkété ti máa ń walẹ̀. Tí èékánná wọn bá kan wáyà, wọ́n á pa á tì. Ẹ ta àwọ̀n sókè rẹ̀ nítorí àwòdì. Ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ mọ́jú, òun ló ń pe èkúté, èkúté ló sì ń pe ejò. Tí ẹ bá ní làpálàpá tàbí lárà nítòsí ibẹ̀, ẹ hú u kúrò. Májèlé wà nínú èso méjèèjì.

Ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kọjá kí ẹ tó kó wọn wálé, kí wọ́n gba àjẹsára lúkúlúkú, pàápàá kí ọyẹ́ tó dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kó wọn dé. Ẹ tì wọ́n mọ́ inú ilé wọn fún bí ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú omi àti oúnjẹ, kí wọ́n lè mọ ibẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí wọn sínú ọgbà, kí ẹ sì dúró lójú fèrèsé kíṣìnì ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ kí ẹ wo bí wọ́n á ṣe wọ̀. Bí gbogbo wọn bá tò wọlé, ó ti bọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti ń wọlé dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan wá ń kọ̀, tó fẹ́ sùn síta, ẹ má nà án, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ lé e. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ páànù bóyá ó ṣì gbóná, kí ẹ sì tan iná sí abẹ́ igi ìwọ̀ wọn, níbi tí igi ti wọ ara pákó. Bí ẹ bá rí àwọn kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tó ń rìn níbẹ̀, òun ló ń lé e síta.